Abẹ́rẹ́ Ẹwà: Ọwọ́ Ta Ni Ó Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní títa ríro là á kọlà, bí ó bá jinná tán, a di oge. Òwe yìí ń kọ́ni pé ìrora díẹ̀ lè ṣáájú ẹ̀yẹ, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ dára lójú ayé yóò ní ohun tí yóò fara dà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ó pa òwe náà kò fi sínú rẹ̀, nítorí pé ọmọdé ayé ìgbà náà pàápàá mọ̀ ọ́n: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ní abẹ ni à ń gbé ojú ọmọ fún. Bí ó bá di ọ̀ràn ilà, olóòlà ni wọ́n ń ké sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olóòlà tí kò ní agbo ilé.

Lónìí, abẹ olóòlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Abẹ́rẹ́ ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní Bódìjà, ní Ring Road, ní Challenge, ní Àgbowó tí ó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, títí dé Dùgbẹ̀ níbi tí Ilé Kòkó ti ń wo gbogbo ìlú láti 1965, ẹni tí ó bá ní owó lọ́wọ́ kò ní pẹ́ gbọ́ ìròyìn abẹ́rẹ́ tí ń mú kí iwájú orí tí ó hunjọ tẹ́jú, èyí tí ń mú kí ètè kún, èyí tí ń mú kí ìdí yọ, àti èyí tí wọ́n ní ó ń sọ dúdú di pupa. Ìpolówó wọn ń bá àwọn ọ̀dọ́ lórí ibùsùn, nínú fóònù wọn. Iye owó ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń béèrè. Díẹ̀ ni ó ń béèrè pé: ọwọ́ ta ni abẹ́rẹ́ náà wà?

OLÓÒLÀ NÍ AGBO ILÉ

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìdílé ni ilà ojú kíkọ àti ìkọlà ọmọkùnrin. Baba ni ó ń kọ́ ọmọ. Ọmọ yóò máa gbé àpò abẹ tẹ̀lé baba rẹ̀, yóò máa wo bí a ti ń di ọmọ ọwọ́ mú, bí a ti ń na awọ kí abẹ tó kàn án, àti bí ó ti yẹ kí ọwọ́ fúyẹ́ tó. Yóò pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí òun náà fi abẹ kan ara ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé, kí ó sì mọ gọ̀mbọ́ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, nítorí pé láyé ogun, ilà ojú ni ènìyàn fi ń sọ ibi tí ó ti wá láìla ẹnu. Ó mọ omi ìgbín tí wọ́n ń kán sí ojú egbò, ó sì mọ èédú tí wọ́n ń fi pa ojú ilà kí ó lè dúdú.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìlú mọ ilé rẹ̀. Bí ojú ilà bá wú, ìyá ọmọ kò ní wá olóòlà kiri. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò gbé ọmọ náà lọ ní kùtùkùtù. Bí ọwọ́ olóòlà kan bá ń ba ojú ọmọ jẹ́, kò ní pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ̀, wọn kò sì ní ké sí i mọ́. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni ó fi dógò lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ó bá gbé ọmọ fún un.

Eléyìí kò sọ pé àtijọ́ kò ní àléébù. Abẹ kan náà tí ó ti kan ọmọ púpọ̀ lè gbé àrùn láti ara èkíní sí ara èkejì. Ọmọ mìíràn sì rí ikú níbi tí wọ́n ti ń wá ẹwà fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti ka ilà kíkọ sí ọmọdé lára léèwọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí abẹ náà padà wá. Ohun tí ó yẹ kí ó padà wá ni ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi ara wọn kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn fún un: Ọmọ ta ni? Ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́? Ibo ni a ó ti rí i bí ọ̀ràn bá dé?

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé àṣejù ni gbogbo abẹ́rẹ́ yìí, pé ìwà lẹwà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi ìgbà kan kórìíra ọ̀ṣọ́. Àwọn ìyá ńlá lé tìróò, wọ́n kun osùn, wọ́n lé làálì, wọ́n fín ara, àwọn mìíràn sì pa eyín iwájú kí ó lè ní ejí. Àgbàlagbà tí ó fi owó ara rẹ̀ wá ẹwà kò dá ọ̀ràn. Ọ̀ràn wà níbi tí ó bá gbé ojú rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ABẸ́RẸ́

Orúkọ kan ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọwọ́ fi ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú wọn.

Èkíní ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Botox. Oró kòkòrò àìfojúrí kan ni, kòkòrò kan náà tí ó máa ń wọ oúnjẹ inú agolo tí wọn kò sè dáradára, tí ó sì lè pa ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Bíńtín nínú oró yìí, tí a bá wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ, yóò mú kí iṣan tí a gún un sí rọ̀ fún nǹkan bí oṣù 3 sí 4. Ní 1989 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, fún àìsàn iṣan ojú. Ó di 2002 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ìhunjọ tí ó wà láàrin ojú méjèèjì. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí bí wọ́n bá gún un síbi tí kò yẹ, ìpéǹpéjú lè wálẹ̀. Bí ó bá ràn kọjá ibi tí wọ́n fi í sí, ènìyàn lè máa tiraka láti gbé oúnjẹ mì tàbí láti mí.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní filler. Oje kíki ni, tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ kí ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ṣe láti ara hyaluronic acid, ohun kan tí ó ti wà nínú awọ ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ojú bí ọ̀nà ti pọ̀ ní ìgboro. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì tú oje náà sínú ọ̀kan nínú wọn, ọ̀nà yóò dí; awọ ibẹ̀ lè kú, bí ó bá sì jẹ́ òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹyinjú ni, ènìyàn lè fọ́jú. Oògùn kan wà, hyaluronidase ni orúkọ rẹ̀, tí ó lè yọ́ oje náà, ṣùgbọ́n kíákíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó. Níbí ni ọwọ́ ti yàtọ̀ sí ọwọ́. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ ibi tí òpó wà, ó mọ àmì ewu bí ó bá yọjú, oògùn ìyọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò ní kí aláìsàn lọ fi omi gbígbóná jó o, kí ó lọ sùn.

Ẹ̀kẹta ni silicone olómi tí àwọn kan ń gún sí ìdí. Èyí kò ní oògùn tí ń yọ́ ọ. Bí ó bá ti wọlé, ó lè ṣí kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i rí fún títún ara ṣe, wọ́n sì ṣe ìkìlọ̀ gbangba nípa rẹ̀ ní 2017.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́ glutathione tí wọ́n ní ó ń mú ara pọ́n. Àjọ tí ń ṣe àbójútó oògùn ní ilẹ̀ Philippines ti kìlọ̀ láti 2011 pé gígún un sínú iṣan fún ìdí yìí lè ba kíndìnrín àti awọ ara jẹ́. Dókítà tí ó bá mọṣẹ́ yóò sọ èyí fún ẹni tí ó bá wá béèrè rẹ̀, kódà bí owó náà tilẹ̀ wà lórí tábìlì.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ÒKÈ ÒKUN KỌ́ WA

Ní oṣù kejì ọdún 2011, ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni ogún ọdún, wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Orúkọ baba rẹ̀ jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ìdí ni ó fẹ́ kí ó yọ. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti mọ obìnrin tí ó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí obìnrin náà yóò gún un. Wọn kò pàdé ní ilé ìwòsàn. Inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ṣe é. Silicone náà bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ náà sì kú. Ní 2015 ni kootu dá obìnrin tí ó gún un lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Èkíní ni pé abẹ́rẹ́ tí ó lọ dáradára lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ tí ó gún un mọṣẹ́. Èkejì ni pé ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ń sọ irú ẹni tí ń ṣe é. Olóòlà kì í pe ènìyàn sí ilé àlejò. Ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ ilé òun ní ìdí tí kò fi fẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà kéde pé obìnrin 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ni abẹ́rẹ́ Botox ayédèrú, tàbí èyí tí wọ́n gún wọn níbi tí kò yẹ, ṣe ní ibi. 11 nínú wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ tàbí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ni ó gún wọn, tàbí kí ó jẹ́ pé ilé àdáni àti ṣọ́ọ̀bù aṣaralóge ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kan náà, àjọ náà tún gbé ìwádìí jáde nípa ṣọ́ọ̀bù kan ní New Mexico tí wọ́n ti pa ní 2018, níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà sí ojú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń tún ohun èlò tí ó yẹ kí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan sọnù lò. Kòkòrò HIV ni àwọn oníbàárà kan gbé jáde níbẹ̀. Ewu abẹ olóòlà náà ni ó tún padà wá, ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í ti í ṣẹ́jú. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹró.

ÌWÉ ORÚKỌ NI AGBO ILÉ TUNTUN

Ìlú ti fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Challenge lè má mọ ẹni tí ó ń gún abẹ́rẹ́ ní Bódìjà, kò sì sí bí yóò ti mọ baba rẹ̀. Nítorí náà ni ìjọba fi ṣe ìwé orúkọ. Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà àti Oníṣègùn Eyín ní Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí MDCN, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì tí ó kọ́ ìṣègùn yóò kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ olóòlà ti ń gbé àpò baba rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé náà ní kíkún. Lọ́dọọdún ni ó sì gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Ìwé ọdún tí ó kọjá kì í ṣe ìwé ọdún yìí. Kò sí àrífín nínú kí ènìyàn béèrè orúkọ dókítà ní kíkún, kí ó ní òun fẹ́ rí ìwé àṣẹ ọdún náà, kí ó sì fi orúkọ náà wádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Dókítà tòótọ́ kò ní bínú. Ẹni tí ó bá bínú ti dáhùn ìbéèrè náà.

Orúkọ inú ìwé sì tún ku síbì kan. Dókítà tí ń gbẹ̀bí, tí ó sì mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, lè má kọ́ nípa òpó ẹ̀jẹ̀ ojú bí ó ti yẹ. Àwọn tí iṣẹ́ yìí bá mu jù ni oníṣègùn awọ ara àti oníṣẹ́ abẹ tí ń tún ara ṣe, àwọn tí ó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti di dókítà. Ìbàdàn kò ṣe àlejò nínú èyí. Ìlú yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1960, ẹgbẹ́ tí ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fún àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ ní oyè lónìí. Ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka fún irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì nípa ẹnì kan kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò bi léèrè.

Níbí ni ìwé ẹ̀rí ara ògiri ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹnì kan lè fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wo bí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́, kí ó gba ìwé tí wọ́n fi góòlù kọ, kí ó sì fi gíláàsì bò ó. Ìwé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ. Onídìrí àti aṣaralóge ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní ọlá. Irun àti àtíkè ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó forúkọ sílẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ gún, síbẹ̀ ó yẹ kí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti yẹ ènìyàn wò, kí ó sì wà nítòsí. Bí ó bá sì jẹ́ àwòrán ẹni tí ojú rẹ̀ ti dára ni, àwòrán ẹlòmíràn rọrùn láti jí lò. Gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àmì mìíràn wà tí a fi ń mọ ẹni tí ó mọṣẹ́: òun náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Yóò béèrè bóyá obìnrin lóyún, bóyá ó ń fún ọmọ lọ́mú, irú oògùn tí ó ń lò, àti bóyá àpá ara rẹ̀ máa ń wú kọjá ojú egbò, nítorí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Yóò sọ ohun tí ó lè bàjẹ́ kí ó tó sọ iye owó. Nígbà mìíràn yóò sọ pé rárá. Ẹni tí kì í sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni, ọjà ni ó ń tà.

OÒGÙN NÁÀ NÍ ÌBÉÈRÈ TIRẸ̀

Ọwọ́ lè mọṣẹ́ kí oògùn má dára. Láti 1993 ni ìjọba ti dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa yẹ oògùn wò. Ó yẹ kí ènìyàn rí páálí àti ìgò oògùn náà kí wọ́n tó ṣí i, kí ó ka orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ni kí wọ́n ti já abẹ́rẹ́ tuntun kúrò nínú ọ̀rá.

Ohun kan sì wà tí ará Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ju ará Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ọ̀pọ̀ irú Botox gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì, láàrin ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é títí di ọjọ́ tí wọ́n yóò lò ó. Ní ibi tí iná mànàmáná ti ń wá tí ó sì ń lọ, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: báwo ni ẹ ti ń tọ́jú oògùn yín bí iná bá lọ? Ẹni tí ó gbé e wá nínú àpamọ́wọ́, nínú oòrùn ọ̀sán láti Dùgbẹ̀, kò ní ìdáhùn sí i. Bí owó rẹ̀ bá sì fi púpọ̀ dín sí ti gbogbo ènìyàn, ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ ni kí a béèrè.

BÍ Ọ̀RÀN BÁ DÉ

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni èyí tí àwọn ìyá ọmọ mọ̀ jù láyé ilà: bí ó bá wú lóru, ẹnu ọ̀nà ta ni a ó lọ? Kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara, ó yẹ kí ènìyàn ti gba orúkọ dókítà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti orúkọ oògùn tí wọ́n lò, ní kíkọ sílẹ̀. Bí ibi tí wọ́n gún bá funfun tàbí tí ó dúdú lójijì, bí ìrora rẹ̀ bá kọjá ohun tí ó yẹ, bí ojú bá ń ṣókùnkùn, bí mímí tàbí gbígbé oúnjẹ mì bá ń nira, kì í ṣe ọ̀ràn pé kí a dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ní Ring Road, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n gún un. Ìtìjú ń pa ẹni tí oògùn ì bá gbà là.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète; ọ̀ràn balẹ̀, ó dèrò. Ẹni tí ó bá ti ro ọ̀ràn yìí kí ó tó balẹ̀ ni ọlọgbọ́n. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì, olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fọ̀rọ̀ lọ̀, ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ bá lọ, kí wọ́n má fi èébú ṣáájú, nítorí pé èébú ni ó ń lé ọ̀dọ́ lọ sí yàrá ìkọ̀kọ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí àwọn ìyá àgbà ń béèrè kí abẹ tó kan ojú ọmọ: ta ni, ta ni ó kọ́ ọ, ibo ni ilé rẹ̀? Bí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ. Bí ọ̀kan bá kù, kí ó padà sílé pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún un.